Bíbó awọ ojú pẹ̀lú tretinoin nítorí oòrùn: ṣé kí n ṣe é ṣáájú Ojúde Ọba?

Ìyá Aláṣọ Òkè-Ajé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ojú mi ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìsọ̀ mi sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀sán bá ti pọ́n, oòrùn kì í kúrò lójú mi títí a ó fi palẹ̀ ọjà mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó síbẹ̀. Ní báyìí, àbàwọ́n dúdú ti tẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, iwájú orí mi ti le, ó rí ṣákiṣàki, awọ abẹ́ ojú mi ti hunjọ, àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ sì ti yọ síbẹ̀.

Obìnrin kan tó ní ilé ìṣaralóge ní àdúgbò wa sọ fún mi pé òun ní oògùn olómi kan, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní tretinoin. Ó ní bí òun bá fi pa mí lójú lẹ́ẹ̀kan péré, awọ tó ti bàjẹ́ yóò bó kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tuntun yóò sì jáde. Ó fẹ́ kí n wá ṣe é nígbà tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú mi lè ti máa dán nígbà tí régbérégbé wa bá ń lọ kí Kábíyèsí ní Ojúde Ọba. Ọmọ mi obìnrin ní kí n má ṣe é, ṣùgbọ́n kò rí àlàyé ṣe fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kó là mí lọ́yẹ̀ kí n tó sanwó.

Apòògùn Ìperu

Ẹ kú ọjà, Màmá. Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Iṣẹ́ apòògùn ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni pé tretinoin ń tún awọ tí oòrùn bà jẹ́ ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ìwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fi í pa yín lójú, àti àkókò tó mú.

Tretinoin wà nínú ìdílé àwọn oògùn tí à ń pè ní retinoid, gbogbo wọn ló sì tan mọ́ fítámì A. Retinol tí ẹ máa ń rí lára àwọn ìpara ọ̀ṣọ́ wà nínú ìdílé kan náà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò yí padà nínú awọ kó tó di ohun tí ara lè lò, ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ kò fi tó ti tretinoin. Ìrorẹ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí tretinoin fún, ní 1971. Albert Kligman, oníṣègùn awọ ní Yunifásítì Pennsylvania, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, àwọn obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ tí wọ́n ń fi í wo ìrorẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sì ń sọ pé awọ ojú àwọn ń jọ̀lọ̀ sí i. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí èyí ní 1986. Ní 1988, àwọn oníṣègùn ní Michigan fi ìpara 0.1% tọ́jú àwọn èèyàn fún ọ̀sẹ̀ 16, ìyàtọ̀ sì hàn. Ní ìparí 1995 ni ìjọba Amẹ́ríkà wá fọwọ́ sí ìpara 0.05% fún awọ tí oòrùn bà jẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbàkigbà tí ìtànṣán oòrùn bá wọ awọ, ó máa ń ru àwọn èròjà kan sókè tó ń gé collagen, ìyẹn àwọn okùn tíntìntín tó mú awọ dúró ṣinṣin, bí èyí bá sì ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àtúnṣe tí ara ń ṣe kò ní lè bá a mọ́. Tretinoin máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó ń dín àwọn èròjà tó ń gé collagen yẹn kù, ó ń jẹ́ kí ara pèsè tuntun, ó sì ń mú kí òkè awọ tètè ṣípò, tó fi jẹ́ pé àwọ̀ dúdú tó kóra jọ sójú kan á bá awọ àtijọ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ìpara tí à ń fi sùn lálẹ́ wà ní 0.025%, 0.05% àti 0.1%. Èyí tí wọ́n fi ń bó awọ sábà máa ń jẹ́ 1% sí 5%, àwọn kan tilẹ̀ ń lò tó 10%. 1% lásán fi ìlọ́po 40 ju ìpara tí à ń fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ bi yín, Màmá: ṣé àkọlé wà lára ìgò tí obìnrin yẹn fi hàn yín, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ sì wà níbẹ̀?

Bàbá Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo kí gbogbo yín. Èmi kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Inú oòrùn ni wọ́n bí wa sí, inú rẹ̀ la sì ti ṣe oko kòkó àti oko pákí dàgbà. Àwọn bàbá wa kò fi kẹ́míkà kankan bó ojú. Aláwọ̀ funfun ni oòrùn ń bà lára jẹ́, Ọlọ́run ti fi ààbò sí ara àwa dúdú. Lójú tèmi, ohun tí ẹ ń sọ yìí kò yàtọ̀ sí ìpara ìbóra tó ti sọ ojú àwọn obìnrin kan di pupa níbì kan, dúdú níbì kan, tí oríkèé ìka wọn sì dúdú kirikiri. Kí Ìyá yìí fi ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Ohun tí ẹ sọ nípa ìpara ìbóra tọ́, n kò ní jà yín níyàn lórí rẹ̀. Ààbò tí ẹ wí náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1979 fi hàn pé òkè awọ ènìyàn dúdú ń ṣe iṣẹ́ bí ìpara ìdènà oòrùn tí SPF rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára tó fi ń dá oòrùn dúró, jẹ́ nǹkan bí 13, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bí 3. Ó fi púpọ̀ jù ú lọ, àmọ́ kò tó SPF 30 tí àwọn dókítà ń sọ pé kí ẹni tó ń gbé inú oòrùn lò. Nítorí náà, ìbàjẹ́ oòrùn máa ń pẹ́ kó tó hàn lára wa, kì í sì í sábà fi ìhunjọ bẹ̀rẹ̀: àbàwọ́n dúdú ló máa ń kọ́kọ́ yọ, àwọ̀ ojú kò ní dọ́gba mọ́, awọ á sì le. Púpọ̀ nínú ohun tí Ìyá Aláṣọ kà sílẹ̀ nìyẹn.

Ìpara ìbóra ń dá ìpèsè àwọ̀ dúdú dúró kí gbogbo ara lè di pupa. Ìtọ́jú tretinoin yìí kò wá sọ ẹnikẹ́ni di pupa. Ẹni tó dúdú dáadáa yẹ kó ṣì dúdú lẹ́yìn rẹ̀, kí àwọ̀ ojú rẹ̀ kàn dọ́gba. Ní 1993, àwọn oníṣègùn Michigan kan náà tẹ ìwádìí jáde tó jẹ́ pé àwọn ènìyàn dúdú nìkan ni wọ́n ṣe é fún, tí wọ́n fi ìpara tretinoin 0.1% pa àpá dúdú wọn fún ọ̀sẹ̀ 40. Àpá náà ṣí, awọ tí kò ní àpá kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àmọ́ nǹkan bí ìdajì àwọn tó lo oògùn náà ni ó kọ́kọ́ bó lára, tó sì yún wọn, kó tó rọlẹ̀. Ìpara 0.1% ló ṣe bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe 1%.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní yàrá ìtọ́jú awọ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá dé lónìí kì í bó awọ lónìí. Dókítà á kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, á bi í léèrè gbogbo ohun tó ti ń fi pa ojú, á béèrè bóyá ọgbẹ́ máa ń wú sókè lára rẹ̀ bó bá jinná, á sì béèrè bóyá kókó olómi máa ń yọ sí i létè, nítorí àìsàn yẹn lè tàn ká ojú lẹ́yìn bíbó bí kò bá kọ́kọ́ lo oògùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni náà á lọ fi ìpara tretinoin kékeré àti ìpara ìdènà oòrùn pèsè awọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, á sì dá tretinoin náà dúró ní ọjọ́ bíi mélòó kan ṣáájú.

Lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀, a máa ń fọ ojú, a ó fi ẹ̀mí-ọtí nu epo ojú kúrò, a ó sì fi Vaseline pa igun imú, igun ẹnu àti ẹ̀gbẹ́ ojú, nítorí àwọn ibẹ̀ ni oògùn máa ń ṣàn jọ sí. Dókítà á wá fi aṣọ ìnugbẹ́ tẹ́ oògùn náà lójú, kò sì ju ìpele kan tàbí méjì lọ. Ojú á di aláwọ̀ ìyeyè. Kò ní ta á, kò ní gbóná, kò sì ní yọ eérú funfun bí TCA, oògùn ìbó-awọ mìíràn, ṣe máa ń ṣe. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí: nítorí pé kò dunni, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé kò ṣiṣẹ́, á tún un pa, á tún un pa. Onítọ̀hún á gbé e lọ sílé, á sì ṣan án kúrò pẹ̀lú omi lásán lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ, bí dókítà bá ṣe sọ.

Ní ọjọ́ kejì, ojú á fà le. Ní ọjọ́ kẹta, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí bó láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, nítorí pé ibẹ̀ ni a máa ń lò jù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí a bá ń jẹun. Ètí awọ á ṣí sókè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọwọ́ á sì fẹ́ fà á. Kò gbọ́dọ̀ fà á. Awọ tí a fà kó tó gbó á di egbò, egbò á sì fi àpá dúdú tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sílẹ̀ lójú àwa dúdú. Kò gbọ́dọ̀ fi kànrìnkànrìn tàbí ọṣẹ dúdú kàn án. Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí méje, yóò ti bó tán, awọ tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ púpọ̀, oòrùn kékeré lè sọ ọ́ di dúdú.

Ẹ wá ro ti Ojúde Ọba, Màmá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ìta gbangba sì ni, láti òwúrọ̀ tí régbérégbé ti ń tò títí àwọn ẹlẹ́ṣin yóò fi kọjá tán. Bí ẹ bá bó ojú ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, awọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lówó iyebíye lẹ máa gbé lọ sínú oòrùn yẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Ọmọ Onígààrí, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ohun tí ẹ sọ nípa títún un pa yẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ilé ìṣaralóge kan ní ìlú mìíràn ni wọ́n ti ṣe é fún un. Wọ́n fi oògùn pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú kan náà, wọ́n ní kó gbé e sùn mọ́jú, wọ́n sì fún un ní ìpara kan nínú ike tí kò lórúkọ pé kó máa fi pa á láàárọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jó, omi ń yọ níbẹ̀. Nígbà tó jinná, ibi tó jó di dúdú, ó sì gba ju ọdún kan lọ kí àwọ̀ ojú rẹ̀ tó fẹ́ máa bára mu. Kò lè yọjú síbi ayẹyẹ ní gbogbo àkókò yẹn láìfi ìborùn bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

Mo tún ní ìbéèrè kan nípa màmá wa. Gààrí ni wọ́n ń dín. Abẹ́ àtíbàbà ni wọ́n máa ń jókòó sí, oòrùn kì í kàn wọ́n, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn àti òkè ètè wọn dúdú gan-an bí ti Ìyá Aláṣọ. Ṣé iná lè fa irú rẹ̀?

Apòògùn Ìperu

Ẹ kú àmúmọ́ra ti ẹ̀gbọ́n yín. Iná lè dá kún un. Ooru tó ń rọ́ lu ojú láti inú agbada lójoojúmọ́ lè mú àbàwọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti òkè ètè pọ̀ sí i, àwọn alásè àti àwọn tó ń yan búrẹ́dì sì máa ń ní in. Bí Màmá bá ń bó ojú tí wọ́n sì ń padà sí ìdí agbada kan náà, àbàwọ́n náà á padà wá. Kí wọ́n gbìyànjú láti máa jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń gbé ooru àti èéfín lọ, kí wọ́n sì máa fi ẹlòmíràn rọ́pò ara wọn.

Lórí ike tí kò lórúkọ, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ síta. Ohun tí a máa ń bá nínú irú ike bẹ́ẹ̀ ni hydroquinone, oògùn tó ń dá ìpèsè àwọ̀ dúdú dúró, tó lágbára jù, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, àti nígbà mìíràn mákúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone wúlò lọ́wọ́ dókítà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa àwọ̀ dúdú aláwọ̀ aró tó ń jókòó sínú awọ lọ́hùn-ún, tí oògùn kì í sì í sábà mú kúrò mọ́. Òun ni Bàbá Àgbẹ̀ ń rí lára àwọn obìnrin tí wọ́n ń sọ yẹn. Sítẹ́rọ́ìdì ní tirẹ̀ ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, bí oògùn ìbó-awọ bá sì kan irú awọ bẹ́ẹ̀, á wọlé jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ìpara yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èyí tó lágbára jù ló dára jù. Ní 2004, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Íńdíà, níbi tí wọ́n ti fi tretinoin 1% pa ìlàjì ojú àwọn obìnrin mẹ́wàá, tí wọ́n sì fi glycolic acid 70%, oògùn ìbó-awọ mìíràn, pa ìlàjì kejì fún ọ̀sẹ̀ 12. Bákan náà ni ìlàjì méjèèjì ṣe mọ́. 1% ti tó, bí ọwọ́ tó ń lò ó bá mọ̀ ọ́n lò.

Ìyá Àfín, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú àlàyé. Àfín ni ọmọkùnrin mi, ó ti di géńdé. Ara rẹ̀ ti kún fún àmì pupa tó le, pàápàá lẹ́yìn ọrùn àti lára etí. Ǹjẹ́ ìtọ́jú yìí lè ran òun náà lọ́wọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó o lára kí dókítà tó rí i. Kò sí ààbò 13 tí mo sọ lókè yẹn lára àfín rárá, àwọn ojú ibi tó le bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ohun tó máa ń ṣáájú jẹjẹrẹ awọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń nípọn sí i, tàbí tó jẹ́ egbò tí kò jinná láàárín oṣù kan, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ (OOU) ní Ṣàgámù tàbí ti Babcock ní Ìlíṣàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń rí àwọn tó ní àìsàn awọ. Bí wọ́n bá tètè gé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò, ó sábà máa ń lọ pátápátá. Kó máa dé àkẹtẹ̀ tó bo etí àti ẹ̀yìn ọrùn, kó sì máa wọ aṣọ alápá gígùn láti òní lọ. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Aláṣọ Òkè-Ajé

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Mo padà lọ wo ìgò náà: kò ní àkọlé, kò sí ìwọ̀n lára rẹ̀. Mo ti sọ fún obìnrin yẹn pé n kò ṣe mọ́. Bó bá di ẹ̀yìn Ojúde Ọba, màá lọ rí dókítà. Ó ku ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé àwọn kókó dúdú abẹ́ ojú mi á bá a lọ? Ṣé òrí tí mo ń pa lè dènà oòrùn nínú ọjà? Ọmọ mi obìnrin náà sì ti ń fẹ́ láti lo ìpara alẹ́ yẹn nítorí ìrorẹ́, ṣùgbọ́n ó lóyún oṣù mẹ́rin.

Apòògùn Ìperu

Kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, Màmá, nítorí èyí ló ṣe pàtàkì jù. Kí aboyún má fọwọ́ kan tretinoin tàbí retinoid mìíràn, ìbáà ṣe ìpara tàbí ti ìbó-awọ. Isotretinoin, tó jẹ́ oníkóró mímì nínú ìdílé kan náà, ń ba ọmọ inú oyún jẹ́ gan-an, a kì í sì í fi ti ìpara náà dán an wò. Azelaic acid wà tí dókítà lè fún un fún ìrorẹ́ láìséwu.

Òrí dára fún rírọ awọ, pàápàá lẹ́yìn tí ojú bá ti bó tán, ṣùgbọ́n kò lè dá oòrùn ọjà dúró. Ìpara SPF 30 ó kéré tán ni kí ẹ rà, tó sì ń dènà UVA àti UVB, ìyẹn oríṣi ìtànṣán oòrùn méjì tó ń ba awọ jẹ́. Bí ẹ bá rí èyí tó ní àwọ̀ bí ti ara, tí wọ́n fi iron oxide sí, òun ló dára jù fún àbàwọ́n dúdú, torí pé ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí náà ń mú un pọ̀ lára wa. Ìwọ̀n gígùn ìka méjì ni kí ẹ fi pa ojú àti ọrùn, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì-méjì, nítorí òógùn á ti nù ún. Ẹ fi aṣọ ta ìbòji sí iwájú ìsọ̀ yẹn ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin lẹ kúkú ń ta aṣọ.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù

Àwọn kókó wẹ́wẹ́ yẹn kì í bá ìbó-awọ lọ, Màmá. Wọn kì í pani lára. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kúrò, dókítà á fi iná mànàmáná jó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun náà sì ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lára dúdú.

Ẹ má retí pé ẹ̀ẹ̀kan ló máa parí rẹ̀. Ó lè gba ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú àlàfo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin láàárín wọn, ó sì lè jẹ́ pé ìpara alẹ́ àti ìdènà oòrùn nìkan ni dókítà máa ní kí ẹ máa lò fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó tún ojú yín wò. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á. Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ má pa nǹkan kan sójú láàárọ̀ yẹn, kí ẹ sì kó gbogbo ìpara, ọṣẹ àti oògùn tí ẹ ti lò sójú láti ọdún tó kọjá sínú ọ̀rá, pẹ̀lú ike wọn, títí kan èyí tí kò lórúkọ, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí wọn.